Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́: bí ẹ ṣe lè gba èyí tó ti gbó lọ́wọ́ omi ẹ̀gẹ́

Bí àwọn ìyá tó ń yan gàrí bá ti ń ṣa wóró kúrò nínú asẹ́, tí wọ́n ń kùn pé ẹ̀rọ yín ò rin ẹ̀gẹ́ kúnná mọ́, ẹ má tíì sáré lọ ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, yálà ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni o tàbí lójú ọ̀nà Ìlobùú, iṣẹ́ kọ́ ló sábà máa ń pa á. Omi ẹ̀gẹ́ ni. Omi yẹn kan: ó ń jẹ irin, ó ń wọ bérìn (irin tí ọ̀pá àárín ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀), ó ń mú igi jẹrà. Ibi tí omi náà ń dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Kí ọwọ́ tó wọ ibẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì bọ́ bẹ́líìtì kúrò. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú ṣì lè ta yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì tó gé ìka.

Páànù ara rólà, ìyẹn igi róbótó tó ń yí tó ń rin ẹ̀gẹ́, la máa kọ́kọ́ wò. Ẹ rọra fi àtẹ́lẹwọ́ kan eyín rẹ̀. Èyí tó ṣì dára máa ha yín lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Èyí tó ti kú máa ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Bó bá ti kú, ẹ má lu eyín tuntun sáàárín ti àtijọ́, páànù náà ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ wé òmíràn.

Ẹ fi okùn wọn àyíká igi rólà, kí ẹ fi íńṣì 1 lé e fún ibi tí etí méjèèjì máa ti gorí ara wọn. Ẹ tẹ́ páànù lé pákó tó rọ̀, ẹ fi ìṣó oní-íńṣì 3 lù ú, kí ihò kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ihò ìlà kejì máa bọ́ sí àlàfo ìlà àkọ́kọ́. Bí gbogbo wọn bá tò gbọọrọ, ẹ̀gẹ́ á máa gba àárín wọn kọjá láìfarapa. Ìṣó ò gbọdọ̀ wọlé tán. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni kó yọ lódì kejì, kí eyín ga tó mìlímítà 1 sí 2. Bí ìṣó bá ti kú, ẹ mú òmíràn, torí ìṣó kíkú ń tẹ páànù wọnú ni, kì í ya á.

Ibi tí eyín ti yọ ló máa wà níta, ìyẹn ò ṣòro. Etí páànù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ẹ wo ẹja: bẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra á láti orí wá sí ìrù, ìpẹ́ rẹ̀ á sùn, bẹ́ ẹ bá ra á láti ìrù lọ sí orí, á dìde. Ibi tí rólà ń yí lọ ni orí ẹja, etí páànù tó wà lókè ni kó kọjú sí ìrù. Bí ẹ bá wé e lódì, ẹ̀gẹ́ á máa ṣí etí yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi fà á ya, páànù á sì bọ́ sínú gàrí ẹlẹ́ni.

Páànù lásán ni ọ̀pọ̀ ń lò torí owó rẹ̀ fúyẹ́, àmọ́ omi kíkan ń jẹ síńkì ara rẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà sàn jù bí agbára bá gbé e. Ìṣó ò lè lu ìyẹn, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ṣóńṣó irin líle fún yín. Igi inú rólà ńkọ́? Bí ìṣó tó di páànù mú bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ jáde, igi ti jẹrà. Ìrókò gbígbẹ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Igi tútù máa súnkì bó bá gbẹ, páànù á sì dẹ̀ lára rẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín rólà àti pákó tó gbá ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn ló ń bí wóró. Ẹ ṣẹ́ páálí ṣúgà sí ìlọ́po 3, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n láti ọ̀tún dé òsì. Ó yẹ kó wọlé, kó sì há díẹ̀. Bó bá ń jó nínú rẹ̀, ẹ sún pákó mọ́ rólà. Bí kò bá wọlé rárá, irin ló ń ha igi, ẹ máa rí i nínú gàrí.

Bó bá há ní apá kan, tó dẹ̀ ní apá kejì, ẹ má tíì fá pákó. Ẹ di ṣáàfù, ọ̀pá irin tó gba àárín rólà, mú, ẹ gbé e sókè sódò. Bó bá ń mì, bérìn apá ibẹ̀ ti lọ. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà: UCP 205 ni ti ṣáàfù mìlímítà 25, UCP 206 ni ti 30. Ẹni tó fojú díwọ̀n ló ń padà wá fi abala agolo wé ṣáàfù kó lè há, ìyẹn kì í sì í pẹ́. Ẹ fún bóòtù kéékèèké 2 tó wà lọ́rùn bérìn dáadáa. Bí wọ́n bá dẹ̀, ṣáàfù á máa dá yí nínú rẹ̀, á sì jẹ ara rẹ̀.

Nígbà tí ṣáàfù bá ṣì wà níta, ẹ gé túùbù táyà àtijọ́ róbótó, kó fẹ̀ tó ẹnu kọ́ọ̀bù, kí ihò àárín rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ṣáàfù. Ẹ fi bọ ṣáàfù, láàárín àpótí rólà àti bérìn. Bó bá ń yí, á máa ju omi ẹ̀gẹ́ dànù kó tó dé bérìn. Kò náni ní nǹkan kan, ó sì ju gírísì lọ. Ẹ ṣì fi gírísì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí èyí tó dúdú á fi jáde, kí ẹ nu ún kó má kán sínú ẹ̀gẹ́.

Eré rólà ló léwu jù. Ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ tó ní agbára ẹṣin 6 ń yí nígbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Bí púlì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀, bá jẹ́ íńṣì 12, tí ti rólà jẹ́ 6, ẹ sọ 650 di ìlọ́po 12, kí ẹ pín in sí 6: 1,300 ni rólà ń yí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Lister á kú, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà kékeré tó ń yí nígbà 2,600 sí ipò rẹ̀, wọn ò ní pààrọ̀ púlì. Rólà di 5,200 nìyẹn, igi onípáànù sì lè fọ́n ká mọ́ èèyàn lójú. Púlì íńṣì 4 sára ẹ́ńjìnnì, 8 sára rólà, ó ti padà sí 1,300.

Kí bẹ́líìtì má baà máa já, ẹ na okùn kọjá ojú púlì méjèèjì; kó kan etí wọn ní ojú 4. Bí bẹ́líìtì bá gùn tó mítà 1 láàárín púlì, àtàǹpàkò yẹ kó lè tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀. Bó bá jẹ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, tuntun nìkan ló máa máa gbé ẹrù.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ rólà, ẹ má bu omi lu bérìn. Ẹ jẹ́ kó yí lófìfo fún ìṣẹ́jú 2 kó gbẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ bọ́ bẹ́líìtì, kí ẹ fi aṣọ tó kan epo pupa tàbí àdín nu eyín rẹ̀; ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹnu èèyàn ni gàrí ń lọ. Bí ẹ̀gẹ́ ẹnì kan bá máa di ọ̀la, inú abọ́ ni kó sùn sí, kó má sùn lẹ́nu ẹ̀rọ.