Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Àtijọ́ ti Obìnrin Ọlọ́lá Wò

Bí àwòrán ọlọ́dà obìnrin ọlọ́lá kan, irú èyí tí wọ́n ń yà ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ férémù mú, kí ẹ gbé e ka orí ohun tó rọ̀, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí ògiri. Ẹ ó rí igi tí wọ́n fi na aṣọ tí wọ́n ya àwòrán náà sí, ìṣó tí wọ́n fi kàn án, àti bóyá bébà tí àwọn oníṣòwò lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ píìnì sítápù ló wà níbẹ̀, ẹnìkan ti tún aṣọ náà nà láyé òde òní, tàbí kí àwòrán náà má tilẹ̀ gbó tó bí ẹni tó ń tà á ṣe wí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo etí aṣọ náà bóyá wọ́n ti gé e. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni Thomas Gainsborough, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya Georgiana, Duchess of Devonshire, obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ náà, láàárín ọdún 1785 sí 1787, pẹ̀lú fìlà dúdú ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́bìnrin kan tí àwòrán náà wá bọ́ sí lọ́wọ́ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù kí ó lè gba òkè ibi tí ó ń dáná yá sí.

Ó wá kan ojú àwòrán. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ọ̀dà ti wú tàbí tó ti ń ṣí yóò hàn gbangba. Lábẹ́ iná UV (ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán kì í rí), fánííṣì àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń dán tí wọ́n fi bo ojú ọ̀dà, sábà máa ń tàn bí àwọ̀ ewé, ibi tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun tún ṣe yóò sì dúdú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ obìnrin náà ni kí ẹ wò jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ kí àwòrán tà kíákíá máa ń fẹ́ tún ṣe.

Ẹ má ṣe fi omi, ọṣẹ, búrẹ́dì tàbí ọ̀dùnkún nù ún, ohun yòówù tí àwọn ará ilé lè wí. Bí ọ̀dà kò bá ṣí, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ tó láti gbọn eruku rẹ̀. Bó bá ń ṣí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá: ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe àwòrán.