Bí mo ṣe gba ààyè fún ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní ilé-ìwé ìjọba l'Ádó-Èkìtì

Ọmọ àbúrò mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kàwé, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ ohun tí ilé-ìwé àdúgbò kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé kí á mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn adití ní Ìkòrò-Èkìtì. Ibẹ̀ dára fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣì ń fi etí gbọ́, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀, kò yẹ kó kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ torí pé tíṣà kò mọ ibi tí yóò fi í jókòó sí.

Àyẹ̀wò etí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó. Kí ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ ìdọ̀tí etí rẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó lọ ná. Méjèèjì máa ń mú kí èsì burú ju bí etí ṣe rí lọ, ilé-ìwé á sì rọ̀ mọ́ nọ́mbà tí àyẹ̀wò yẹn bá gbé jáde. Ẹ gba nọ́mbà etí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí etí tó gbọ́ ọ, lọ́tọ̀ ní 500, 1000, 2000 àti 4000 Hz, láti orí ohùn tó wálẹ̀ dé orí èyí tó ga. Ìwé tó kàn sọ pé “ọmọ yìí kò gbọ́ràn dáadáa” tún lè gbé e padà sọ́nà Ìkòrò ni. Mo bẹ dókítà kó fi kún un pé ọmọ náà lè kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, kó sì to ohun tó nílò ní kíláàsì lẹ́sẹẹsẹ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni mo kọ lẹ́tà sí, torí tíṣà kíláàsì kò ní àṣẹ. Ẹ̀dà lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní kánsù. Ojú ìwé kan péré. Mo tọ́ka sí òfin àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Abala 17 fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Abala 18 ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n, kí òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn sì wà níbẹ̀. Abala 1 mẹ́nu ba ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kí hẹ́dìmásítà káàárọ̀, ìjà ló ń wá, kì í ṣe ìjókòó fún ọmọ.

Ohun tí mo béèrè kò ní owó nínú: ìjókòó iwájú, bíi mítà méjì sí ibi tí tíṣà ń dúró sí, kí tíṣà má sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí pátákó, kó má sì kẹ̀yìn sí fèrèsé, torí òjìji á bo ojú rẹ̀, ọmọ kò ní rí ètè rẹ̀. Òjò orí páànù ni wàhálà gidi. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń gbé ariwo páànù sókè bó ṣe ń gbé ohùn tíṣà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òjò bá dé, kí àpèkọ dúró, kí iṣẹ́ bọ́ sórí pátákó. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà wà nínú lẹ́tà: oríṣi nọ́mbà 13 ni tiwa, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí a bá ti ṣí bébà ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, yóò máa kú lọ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Méjì tí a kò tíì ṣí ló wà lọ́wọ́ tíṣà nínú àpòòwé.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti déètì. Ní ìpàdé, ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Ẹ máa lọ sílé mà, a ti gbọ́, a ó ṣe é.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí á kọ ọ́. Wọ́n máa ń gbé ọ̀gá ilé-ìwé kiri. Ìlérí ẹnu á bá wọn lọ. Ìwé tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ti wà nínú fáìlì ọmọ.

Ti òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ yẹn kọjá agbára ọ̀gá ilé-ìwé. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni mo kọ sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ìjókòó, kí èyí tó yá má baà dúró de èyí tí yóò pẹ́.

Nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí kíláàsì tuntun, ẹ fún tíṣà tuntun ní ẹ̀dà ṣáájú ọjọ́ ìwọlé. Bó bá ti pín ìjókòó tán, ọmọ ẹlòmíràn lẹ ó máa bẹ̀ pé kó dìde.