Bí mo ṣe ṣètò àtúnkọ́ ilé-ìjọsìn wa láìdá ìsìn dúró

Ìjọ wa ní Ìbàdàn ti pọ̀ ju ilé tí a jogún lọ. Mítà 18 ni gígùn ilé náà nínú, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 9. Ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ní kí n ṣètò èyí tí yóò gba ènìyàn 600, kí ìsìn má sì kúrò lórí ilẹ̀ náà. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán, orí ni mo kọ́kọ́ kà. Ẹ má ka ọjọ́ Ìsinmi lásán nìkan. Ẹ ka ti Àjíǹde, ti ìkórè, ti àìsùn ọdún tuntun, kí ẹ sì ka àwọn ọmọdé lọ́tọ̀ torí yàrá tiwọn ni wọ́n máa lò. Ènìyàn kan lórí àga, pẹ̀lú ọ̀nà tí yóò gbà kọjá, ń gba nǹkan bíi skúẹ́à mítà 0.75. Ènìyàn 600 jẹ́ 450. Mo fi 90 kún un fún pẹpẹ, ibi ìjókòó akọrin àti ẹnu ọ̀nà, ó di 540. Ibi tí mítà 30 ní gígùn àti mítà 18 ní ìbú ti wá nìyẹn. Tí àwòrán bá ṣáájú ìṣirò yìí, pẹpẹ ló máa ń jẹ ilé tán, tí àwọn èèyàn á sì tún padà sábẹ́ kánópì níta.

Ìwé ilẹ̀ ló tẹ̀lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, orúkọ bàbá kan ló wà lórí rìsíìtì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ. Ẹ yí i sí orúkọ àwọn trustee (àwọn tó ń di ohun ìní ìjọ mú lórúkọ ìjọ) tí ìjọ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ìjọ sílẹ̀, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ilẹ̀ náà, nígbà tí bàbá náà ṣì lè fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Mo ní kí sọ̀fíyọ̀ wá tún àwọn bíkìn, ìyẹn òpó ààlà ilẹ̀, wá jáde, torí fẹ́ǹsì kì í sábà bá ìwé mu. Ní ọ́fíìsì ètò ìlú, kí wọ́n tó fún yín ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, wọ́n máa béèrè àwòrán ilé tó ní òǹtẹ̀ ARCON (àjọ àwọn ayàwòrán ilé), àwòrán irin àti kọnkéré tó ní òǹtẹ̀ COREN (àjọ àwọn ẹnjiníà) pẹ̀lú ìṣirò ẹnjiníà, ti iná àti ti omi, ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí. Àwọn kan á ní àtúnṣe lásán ni, pé kò nílò ìwé. Tí ẹ bá ti fọwọ́ kan pílà tàbí òrùlé, ẹ gba ìwé àṣẹ.

Ogiri àtijọ́ ni mo fara balẹ̀ fún jù. Gálárì, ìyẹn ibi ìjókòó lókè nínú ilé, ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, torí ó dà bí ẹni pé owó rẹ̀ ò ní pọ̀. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo mú ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lọ sábẹ́ fèrèsé kan, mo ṣí pílásítà rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Sìmẹ́ńtì náà nípọn tó ìka kan, ó le bí òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ pupa ni, koríko gbígbẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo wọ́n omi sí i, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò náà sì rì wọlé. Bó ṣe rí yí ilé po nìyẹn. Ogiri amọ̀ dára, ó sì máa ń pẹ́ bí omi ò bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ àti páánù nìkan ló lè gbé. Kò lè gbé gálárì tí èèyàn máa jó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbé orí bíìmù tuntun kankan. Kódà ká ní bílọ́ọ̀kù ni, tí a bá so ilé tuntun mọ́ ti àtijọ́, ìpìlẹ̀ tuntun á ṣì jókòó sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ti jókòó tán. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló máa là láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa méjèèjì mọ́, kí ó fi àlàfo bíi mìlímítà 25 sáàárín wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí ó sì fi ohun tó rọ̀ dí i.

Nítorí náà, a pinnu láti kọ́ ilé tuntun yí ti àtijọ́ ká, kí ìsìn máa lọ nínú rẹ̀, ká sì wó o nígbà tí òrùlé tuntun bá ti wà lórí. Ìlànà yìí ló sọ ibi tí gbogbo pílà máa wà. Ìbú ilé àtijọ́ látìta jẹ́ mítà 9.5. Mo fi pílà inú sí mítà 1.25 sí ogiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àárín ilé tuntun wá di mítà 12. Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3, gbogbo rẹ̀ sì di 18. Mítà 5 ló wà láàárín pílà sí pílà ní gígùn. Pílà 14 wà nínú, 14 wà lẹ́bàá. Òrùlé àárín ga ju ti apá lọ, kí fèrèsé kéékèèké lè wà lókè láti máa lé ooru jáde.

Kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ ilé àtijọ́ níbì kan láti mọ bí ó ṣe jìn tó. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni. Ìpìlẹ̀ tiwa jẹ́ mítà 1.2. Òfin tí mo tẹ̀ lé ni pé ìjìnnà láti etí ìpìlẹ̀ àtijọ́ sí etí ihò tuntun gbọ́dọ̀ ju ìyàtọ̀ ìjìn wọn lọ. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, àyè tó wà láàárín sì jẹ́ 50. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ogiri á máa dà sínú ihò yín díẹ̀díẹ̀, ogiri á sì tẹ̀ lé e. Bó tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbẹ́ ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, ẹ da kọnkéré sí èyí tẹ́ ẹ gbẹ́ kó tó kan ìkejì.

Ẹsẹ̀ pílà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.2 lọ́nà 1.2, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n wọn jẹ́ kúbíìkì mítà 12.1. Kọnkéré 1:2:4 ń jẹ nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 6.5 nínú kúbíìkì mítà kan, ìyẹn 79. Mo kọ 83 nítorí ìfiṣòfò. Ẹ má fi ṣọ́bìrì wọn yanrìn, torí ṣọ́bìrì àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò dọ́gba. Káfíńtà kan àpótí pákó fún wa, sẹ̀ǹtímítà 33 ní gígùn, ní ìbú àti ní ìjìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tó wà nínú àpò sìmẹ́ńtì kan gẹ́lẹ́. Àpò kan, àpótí yanrìn méjì, àpótí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Omi sì ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí àwọn lébírà fẹ́ràn kí ó ṣàn kó lè yá láti dà. Kọnkéré tó bá ń ṣàn bí ọbẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ.

Irin rọ́ọ̀dù ni ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ìjọ jẹ jù. Wọ́n á kọ 12 mm sí i lára, kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé mítà kan gééré, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ojúlówó 12 mm gbọ́dọ̀ sún mọ́ gíráàmù 888, 16 mm gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò 1.58. Tí èyí tí wọ́n pè ní 12 bá wọn 620, 10 ni wọ́n tà fún yín. Ẹ dá a padà kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀.

Bílọ́ọ̀kù oníínṣì 9 ni a lò fún ogiri ẹ̀bá. Mítà 96 yíká, gíga mítà 4.5, ó jẹ́ skúẹ́à mítà 432. Mo yọ 110 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ní bílọ́ọ̀kù 10 fún skúẹ́à mítà kan, pẹ̀lú ìfọ́yángá, ó sún mọ́ 3,400. Orí ilẹ̀ wa la ti ṣe é, 30 láti inú àpò kan, a sì ń fomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n ń tà lójú títì lè jẹ́ 40 àti jù bẹ́ẹ̀ láti inú àpò kan, ojú rẹ̀ á sì máa rún bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á.

Oṣù Kọkànlá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, kí òrùlé lè délé kí òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta tó dé. Ọyẹ́ máa ń mú kọnkéré gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà àpò kòkó tí a rẹ sómi ni a fi wé àwọn pílà fún ọjọ́ méje. Igi abẹ́ bíìmù ò sì gbọdọ̀ kúrò kó tó pé ọjọ́ 21, bó ti wù kí káfíńtà fẹ́ lo pákó rẹ̀ níbòmíràn tó.

A kan òrùlé ṣáájú ogiri. Pílà àti bíìmù ló ń gbé e, ogiri ò gbé nǹkan kan, ìyẹn ló jẹ́ kí bíríkìlà lè ṣiṣẹ́ nínú òjò. Tírọ́ọ̀sì onírin méje (férémù tó ń gbé òrùlé), mítà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n jó pọ̀ nílẹ̀. Ẹnjiníà yẹ gbogbo ojú ibi tí wẹ́dà jó wò kó tó gòkè. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kíréènì gbé wọn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, àní ẹni tó ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnjiníà á fọwọ́ síwèé pé gbogbo irin tó wà lókè ti dè mọ́lẹ̀ tán. Tí kò bá fọwọ́ sí i, abẹ́ kánópì lẹ́yìn ọgbà ni ìsìn ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2016, òrùlé ilé-ìjọsìn kan tí iṣẹ́ ò tíì parí lára rẹ̀ já lé àwọn olùjọsìn lórí ní Ùyó, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi fi ìgbàgbọ́ rọ́pò ìwé ẹnjiníà níbí.

Ènìyàn 600 nílò ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán, tí wọ́n jìnnà síra, kí gbogbo ilẹ̀kùn sì máa ṣí síta. Mítà 1.8 ni mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì wà nítòsí pẹpẹ. Ilẹ̀ ilé fi sẹ̀ǹtímítà 45 ga ju ìta lọ, nítorí náà ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àwọn àgbà àti kẹ̀kẹ́ arọ gùn ní mítà 5.4, ìyẹn mítà 12 ní gígùn fún mítà 1 ní gíga. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà fún obìnrin, mẹ́ta fún ọkùnrin, torí pé lẹ́yìn ìwàásù ni gbogbo wọn ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Sókàwéè jìnnà sí kànga dẹ̀rọ̀ ní mítà 30.

Ní ti owó, èyí tó wà ní báńkì ni mo fi ṣètò, mo sì ka ìdajì ẹ̀jẹ́ ìkórè péré. Quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò ohun èlò àti owó ilé, pín iṣẹ́ sí ìpele, a ò sì bẹ̀rẹ̀ ìpele kan tí owó rẹ̀ ò pé. Pílà tí irin rẹ̀ yọ sókè fún ọdún méjì ti ń dípẹtà. Mo fi ìdá 15 nínú 100 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ohun tí a ò rí tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì oṣù kan péré ni à ń rà, a sì ń tò ó lórí pákó, kó má kan ilẹ̀.

Wíwó ilé àtijọ́ ló kẹ́yìn. Síìlìn rẹ̀ jẹ́ asbestos, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rin ín kó tutù, ẹ tú ìsó rẹ̀ lódindi, ẹ má fọ́ ọ, ẹ wé e sínú ọ̀rá nílọ́po méjì. Kí àwọn tó ń ṣe é wọ ìbomú tó ń dá eruku asbestos dúró; aṣọ tí wọ́n fi ń so mọ́mú ò tó. Òkè ni kí ẹ ti wó ogiri wá sílẹ̀, ẹ má taari rẹ̀, torí pílà tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A yọ òkúta ìpìlẹ̀ lódindi fún ogiri ẹnu ọ̀nà, a sì tọ́jú igi àyín tó wà lórí ilé, torí kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní sọ́míìlì.

Ẹ hú ìpìlẹ̀ àtijọ́ kúrò, ó kéré tán dé sẹ̀ǹtímítà 60 sábẹ́ ilẹ̀ tuntun. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀, ìlà ogiri àtijọ́ á yọ lórí táìlì bí ilẹ̀ yòókù bá jókòó. A fi yẹ̀pẹ̀ pupa kún un ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́ẹ̀kan, à ń fomi wọ́n ọn, à ń fi ẹ̀rọ gún un. Kí a tó da kọnkéré ilẹ̀, a ri páìpù mìlímítà 50 méjì láti pẹpẹ dé ẹ̀yìn fún wáyà gbohùngbohùn, sẹ̀ǹtímítà 30 sí wáyà iná, kí ó má baà máa kùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni oní-táìlì wọlé.