Bí a ṣe ń fi òkúta àti igi dá àgbàrá dúró lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ní oko lẹ́sẹ̀ òkè ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mọ ohun tí òjò ńlá kan ṣoṣo lè ṣe. Àpáta ni orí òkè. Omi kì í wọnú rẹ̀, ńṣe ló ń ya wálẹ̀, tí á sì gbá ilẹ̀ olóràá lọ. Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà. Bí a ṣe ń kọ̀ fún un nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà tó dábùú òkè, tí gbogbo ibi rẹ̀ ga dọ́gba. Ojú lásán máa ń tan ni jẹ níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹ kan igi mẹ́ta pọ̀ bíi lẹ́tà A, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra tó mítà 2. Ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí òkúta wà nídìí okùn. Ẹ gbé e dúró, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú ẹsẹ̀ òsì, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì gan-an ni ìwọ̀n. Bí okùn bá ti dúró níbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ga dọ́gba. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ máa gbé igi A náà rìn lọ. Ẹ má kánjú o. Ìlà tó bá yẹ̀ sísàlẹ̀ á di ojú ọ̀nà fún omi, àìṣe rárá sàn jù ú lọ.

Apá òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n àyà ènìyàn, ẹ fa ìlà mìíràn. Òkúta ò wọ́n wa. Ẹ tò ó sórí ìlà. Ẹ yọ erùpẹ̀ dúdú sọ́tọ̀, ẹ gbẹ́ apá òkè dà sí apá ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi rí bí àtẹ̀gùn tó rọra tẹ̀ sínú, kí ẹ tó da erùpẹ̀ dúdú náà padà. Ẹ gbin koríko tí wọ́n ń pè ní vetiver sétí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 3. Òtíli náà dára, ó sì ṣeé jẹ.

Igi wá kàn. Láti 1985 ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ti jẹ́ ọjọ́ igi gbígbìn ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì bá òjò wa mu. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí ti ìlà kejì bọ́ sáàárín méjì ti àkọ́kọ́. Ọ̀gánwó, apá àti igi igbá tó ń so irú ni mo fẹ́ràn, kajú nísàlẹ̀. Ẹ̀yin olólùfẹ́ tíìkì, ẹ má bínú: bí tíìkì bá dá wà, ìdí rẹ̀ máa ń ṣófo, omi tó sì ń kán láti ara ewé ńlá rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro àyíká mọ́ nítorí iná, kí ẹ sì so ewúrẹ́ yín. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ gùn ún lọ wò. Ibi tí òkúta bá ti ṣí, ẹ dí i kí òjò kejì tó rọ̀.