Bí Mo Ṣe Fi Eṣinṣin Àtọwọ́dá Pẹja ní Dámù Ìkùn-Èkìtì

Bass kì í ṣe ẹja ilẹ̀ wa. Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn láti máa fi eṣinṣin tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú ṣe sára ìwọ̀ pẹ ẹ́. Àbúrò mi tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yẹn ni George Perry ti pa bass tó wọn kìlógíráàmù 10 ní 1932, ó sì di 2009 kí Manabu Kurita tó pa èyí tó bá a dọ́gba ní Japan. Nígbà tí àbúrò mi fi ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, dámù odò Ero ní Ìkùn-Èkìtì ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹja tó ń lé ẹja kéékèèké jẹ bíi ti bass wà nínú omi tiwa náà.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé okùn là ń jù, a kì í ju ìwọ̀. Nínú ìwọ̀ jíjù tí gbogbo wa mọ̀, òjé ló ń fa okùn lọ sínú omi. Eṣinṣin onírun kò wúwo rárá, nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe nípọn kó lè gbé e lọ. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bá ìwọ̀n okùn rẹ̀ mu. Nọ́ńbà 8 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún bass, torí eṣinṣin rẹ̀ máa ń tóbi, afẹ́fẹ́ sì máa ń dí i lọ́wọ́. Nọ́ńbà 6 ni tèmi, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, ó sì tó fún ẹja wa. Èyí tó ń léfòó ni okùn rẹ̀. Mo so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, òun náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, kí ẹja má baà rí okùn tó nípọn yẹn.

N kò gbé e dé odò kí n tó kọ́ bí a ṣe ń jù ú. Pápá ilé ìwé kan ní Adó ni mo lò, ègé òwú ni mo so síbi tí ìwọ̀ yẹ kó wà. Gbé ọ̀pá sókè láti ìsàlẹ̀, kó máa yára sí i bó ṣe ń gòkè, kí o sì dá a dúró gbọnyin níbi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní aago 1. Wàyí o, dúró. Jẹ́ kí okùn na tán lẹ́yìn rẹ pátápátá kí o tó tì í síwájú, kí o sì tún dá a dúró ní aago 10. Ìdúró ẹ̀yìn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí o bá kánjú, okùn á dún pàà bíi kòbókò, bó bá sì jẹ́ eṣinṣin ló wà lẹ́nu rẹ̀, yóò já lọ. Yí ojú sẹ́yìn kí o máa wò ó. Kò sí ẹni tó máa fi ojú inú mọ ìgbà tó na tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọdé yí mi ká, wọ́n ní, “Bùọ̀dá, kí lẹ ń nà?” Mo fún àgbà inú wọn ní ọ̀pá, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá fi agbára ṣe é ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n.

Eṣinṣin náà, mo so ó fúnra mi. Lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà ni mo ti gba ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, mo sì rí ìyẹ́ ẹtù gbà pẹ̀lú. Mo fi rọ́bà de ẹnu pílásì pa kó lè di ìwọ̀ mú, mo wé òwú aránṣọ mọ́ ọn, mo yí ìyẹ́ ká a, mo sì ta á ní kókó. Fún èyí tó máa léfòó, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ni mo gé, mo gbẹ́ ojú rẹ̀ kó jin díẹ̀ kó lè máa pariwo lójú omi. Mo tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹlẹbẹ kó lè rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja.

Ní Ìkùn, ọ̀dọ̀ àgbà apẹja kan ni mo kọ́kọ́ lọ kí, torí àwọ̀n àwọn èèyàn wà nínú omi náà. Bàbá nawọ́ sí ibi tí àwọn kùkùté igi ti yọrí. “Ọmọ mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí.” Bass náà fẹ́ràn irú ibẹ̀. Orí àpáta ni mo dúró sí, n kò wọ omi. Ìgbín kéékèèké inú omi tó dúró sójú kan lè gbé àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbìyànjú irú ìpẹja yìí pé kí òun náà má ṣe wọ omi.

Ní ìdájí ni mo ju onísílípáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté. Mo jẹ́ kí omi pa rọ́rọ́, mo wá fi ọwọ́ òsì fa okùn díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀pá kọjú sí omi. Bí ẹja bá gbé e, má ṣe gbé ọ̀pá sókè bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ọparun; okùn ni kí o fi ọwọ́ òsì fà gidi. Èyí tó kọ́kọ́ gbé tèmi tóbi lẹ́nu, ó ní àmì dúdú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́. Ìbátan ẹpìyà ni, ẹja ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń jẹ. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ẹpìyà gan-an kò tilẹ̀ wo ojú omi. Èyí tí mo fi ìyẹ́ ẹtù ṣe, tó kéré, tí mo jẹ́ kó rì kí n tó máa fà á pẹ̀lẹ́, ni wọ́n gbà. Ewéko tíntìntín inú omi ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ kòkòrò tó bá kọjá lẹ́nu wọn.

Bàbá gba eṣinṣin kan lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kí n so irú rẹ̀ fún òun. Àrọ̀ ni bàbá fẹ́ fi dán wò lálẹ́, nítorí náà ìwọ̀ tó tóbi àti ìyẹ́ àkùkọ dúdú ni mo lò.