Bí mo ṣe yan ajá iṣẹ́ fún ilé tó ní ọmọdé

Àwọn tó bá rí ajá wa lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí ni, irú ajá táwọn ọlọ́pàá ń lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yàn án. Mi ò kọ́kọ́ wo fọ́tò rárá, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ sin ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ wádìí, torí pé ajá di ajá inú ilé ò ní kí iṣẹ́ yẹn kúrò lára ẹ̀, tẹ́ ò bá fún un níṣẹ́ á wá tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Border Collie ló kọ́kọ́ wu ìyàwó mi, torí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó gbọ́n. Òótọ́ ni, ó gbọ́n gan-an. Àmọ́ ibi ààlà England àti Scotland ló ti wá, àgùntàn ló ń kó jọ níbẹ̀, tó bá ti rí nǹkan tó ń sáré, á lúgọ, á tẹjú mọ́ ọn, á sì sáré lọ yí i po. Nínú ilé tí ò ti sí àgùntàn, ọmọdé àti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló máa kó jọ, àwọn míì tiẹ̀ máa ń gé ọmọ jẹ ní gìgísẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó burú o, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin sì rèé, kì í rìn, eré ló máa ń sá ṣáá, la bá fi ìyẹn sílẹ̀.

Belgian Malinois, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi ní rárá. Ara ẹ̀ kì í balẹ̀, àtàárọ̀ dalẹ́ ló fẹ́ máa ṣe nǹkan, ẹni tí kíkọ́ ajá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ló yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí fídíò ibi tó ti ń fo ògiri yan ajá.

Rottweiler ló dùn mí láti fi sílẹ̀. Ìlú Rottweil ní Jámánì ló ti gba orúkọ ẹ̀, ó máa ń da màlúù fáwọn alápatà, ó sì tún ń fa ọmọlanke. Ó fẹ́ràn ará ilé ẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ ẹ̀ lè tẹ̀wọ̀n ju 50 kílò lọ, àyà ló sì máa fi ń ti nǹkan, ọmọ mi kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn á kàn máa ṣubú ni.

Ó wá ku German Shepherd. Lọ́dún 1899 ni Max von Stephanitz, tó ti ṣe sójà ẹlẹ́ṣin rí ní Jámánì, dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀yà yìí sílẹ̀. Àgùntàn náà lòun náà ń dà o, àmọ́ ọ̀nà tó gbà ń ṣe é yàtọ̀, etí oko ló máa ń rìn lọ rìn bọ̀ kí àgùntàn má bàa wọ inú ọ̀gbìn, bí ọgbà tó ń rìn. Ohun tó ta mí lólobó nìyẹn. Ajá tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa yí ibì kan ká, kó máa wo ẹni tó wà níbí àti ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ilé wa lè fún un níṣẹ́ ẹ̀ ṣe.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ín ló wá kù. Èsì X-ray ìbàdí bàbá àti ìyá ni mo ń béèrè, torí egungun ìbàdí máa ń yọ ẹ̀yà yìí lẹ́nu, mo sì ní mo gbọ́dọ̀ rí ìyá. Ẹnì kan ní òun ò lè mú ìyá jáde, mo ní ó dàbọ̀.

Níbi tá a ti rà á, ìyá àwọn ọmọ ajá náà jókòó tì wá, ara ẹ̀ balẹ̀. Mo wá ju kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀ kó lè pariwo. Ọmọ ajá kan sá lọ sẹ́yìn ìyá ẹ̀, kò yọjú mọ́, òmíràn ń gbó kò dákẹ́, ṣùgbọ́n abo kan fò sẹ́yìn, ó dúró, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló bá rọra padà wá, ó gbóòórùn kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì gbé e lẹ́nu. Kò sí ajá tí ẹ̀rù kì í bà, èyí tí ẹ̀rù máa tètè kúrò lójú ẹ̀ ni mò ń wá, mo ní òun nìyẹn.

Ó pé ọ̀sẹ̀ 8 ká tó mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Dókítà ẹranko ní kò gbọ́dọ̀ rìn nílẹ̀ ìta títí abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ á fi pé, àmọ́ ká máa gbé e lọ́wọ́ jáde kó máa rí mọ́tò, arúgbó, ẹni tó dé fìlà, torí àárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 lajá ti ń mọ ohun tí kò yẹ kó máa bẹ̀rù.

Iṣẹ́ ẹ̀ báyìí ni kó máa fi imú wá bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ bá gbé pa mọ́, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ ju ká mú un rìn jìnnà lọ. Tó bá pé ọdún 2 a máa ya X-ray ìbàdí tiẹ̀ náà, kó tó dìgbà yẹn mi ò jẹ́ kó máa fò láti ibi gíga, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé tó bá ń jẹun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ abọ́ ẹ̀.