Àṣìṣe tó ń pa ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n kí adájọ́ tó gbọ́ ọ

Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́dà lù bí ẹní lu bàrà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tàbí tí wọ́n fi oògùn àìsàn rẹ̀ dù ú, lè pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Section 1983. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lọ́yà. Fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ìwé ẹjọ́. Ibi tí ẹjọ́ náà ti sábà máa ń bàjẹ́ ni discovery, ìyẹn ìgbà tí tọ̀tún-tòsì ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara wọn. Bí èèyàn yín bá wà nírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá a ka èyí.

Má jókòó máa retí pé wọ́n á kó ẹ̀rí wá bá ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, tọ̀tún-tòsì ní láti kó orúkọ ẹlẹ́rìí àti ìwé wọn sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Rule 26, ọ̀kan lára àwọn òfin ìlànà ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀, ti yọ ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní lọ́yà kúrò nínú ìyẹn. Àyàfi tí adájọ́ bá pàṣẹ, ohun tí o kò bá béèrè, kò sẹ́ni tó máa fún ọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Rule 36. Lọ́yà ìjọba á fi ìwé ránṣẹ́: “Gbà pé o kò kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kó o tó wá sí kọ́ọ̀tù.” “Gbà pé wọ́dà kankan kò fọwọ́ kàn ọ́.” Ẹlẹ́wọ̀n á kà á, á rẹ́rìn-ín, á ní irọ́ gbuu ni, á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí 30 ọjọ́ bá kọjá láìfèsì, òfin gbà pé ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òfin ọdún 1996 lórí ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n sì ti sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ọgbà. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, pé kò kọ ìwé ẹ̀sùn, tó láti da ẹjọ́ nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá ìyà ṣì wà lára rẹ̀. Fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: mo gbà, n kò gbà. Tí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ọgbà mìíràn tí ẹrù rẹ kò tíì dé, tètè kọ̀wé sí adájọ́ fún àfikún àkókò.

Fídíò ńkọ́? Kámẹ́rà ọgbà ẹ̀wọ̀n lè gba àwòrán tuntun lé ti àtijọ́, nítorí náà má dúró de discovery. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà pé kí wọ́n tọ́jú fídíò náà. Kọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Tí fídíò bá sọnù lẹ́yìn náà, lẹ́tà yẹn ló máa fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀.

Lọ́yà àwọn tó o pè lẹ́jọ́ ni kó o fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Má kọ 80 ìbéèrè: 25 ni Rule 33 gbà fún ẹnì kan, ẹni tó o pè lẹ́jọ́ nìkan ló sì wà fún. Nọ́ọ̀sì tó rí ọgbẹ́ rẹ àmọ́ tí o kò pè lẹ́jọ́ kò ní láti dáhùn. Ìwé ìpè láti kọ́ọ̀tù ni tirẹ̀. Má sì sáré lọ fẹjọ́ sun adájọ́ pé wọn kò dáhùn, láìjẹ́ pé o ti kọ̀wé sí lọ́yà wọn láti yanjú ẹ̀. Rule 37 ń béèrè ẹ̀rí pé o gbìyànjú.

Bí o kò bá mọ orúkọ wọ́dà tó lù ọ́, ìwé tó ń fi àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà hàn ni kó o kọ́kọ́ béèrè. 90 ọjọ́ péré ni òfin fún èèyàn láti fi ìwé ẹjọ́ lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́, wọn kò sì lè fi lé aláìlórúkọ lọ́wọ́.